Fìlà Tí Mo Rán De Ọmọ

Ibùsùn Kẹsàn-án,
Wọ́ọ̀dù Àwọn Ọkùnrin,
Ilé Ìwòsàn.
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Karùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Ìyàwó mi bímọ láàárọ̀ àná, obìnrin ni. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ láti orí ibùsùn, àmọ́ mi ò tíì rí i.

Ẹ rántí ibà tó mú èmi àti ìyá rẹ̀ nígbà tí oyún wà ní oṣù kẹrin, tí ara wa sú, tí a ní kò sí nǹkan kan. Ẹ̀fọn ló gbé e wá. Ibà lọ tán ni ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ọwọ́ tẹ̀ lé e. Dókítà ní ohun tó ń bá àrùn jà nínú ara mi ló ṣìnà, tó kọjú ìjà sí àwọn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ dé ẹsẹ̀. Ọwọ́ ti padà. Ẹsẹ̀ kò tíì dáhùn. Mo ti ka gbogbo ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ tán. Ìṣó ara àjà ni mo ń kà báyìí. Àgbá omi ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ ní kí n máa dé, ṣé ibẹ̀ ni ẹ̀fọn náà ti wá? Ta ni mo fẹ́ bi?

Nọ́ọ̀sì wọn orí ọmọ, ó ní ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, pé ó kéré. Mo ní tépù wọn ló ti fà. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé tépù tó gbó máa ń purọ́?

Ó ní, “Bàbá Onífìlà, ṣé ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ mi ni?”

Mo ní, “Ẹ ṣáà mú tépù yín wá ká fi wé tèmi.”

Ó mú un wá láàárọ̀ yìí, ó tẹ́ tépù méjèèjì sórí àyà mi. Wọ́n dọ́gba. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Dókítà ní ibà ẹ̀fọn yẹn lè mú kí orí ọmọ inú oyún má dàgbà tó. Mo bi í bóyá ọmọ yóò ríran, bóyá yóò rìn. Ó ní ká máa wò ó. Ṣé òun náà ò mọ̀ ni, àbí àánú mi ló ṣe é?

Mo ti rán fìlà kan de ọmọ yìí, sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo gé e. Ìyàwó mi fi dé e lórí, ó bò ó dé imú. Ó rọra mú fìlà náà padà wá fún mi.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín méjì ránṣẹ́. Mo ti ń tú fìlà náà. Orí ọmọ mi kọ́ ló kéré, fìlà ló tóbi.

Èmi àbúrò yín tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀,
Kí-ló-dé.