Fọ́tò Mi Tó Wà Lọ́wọ́ Ọlọ́pàá

Rudayna ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun kí o tó lọ síbi iṣẹ́? Kí Ọlọ́hun tó ń mú ọ jáde láàárọ̀ ní Amman máa mú ọ wọlé nírọ̀lẹ́, kí àìsàn àwọn tí ò ń tọ́jú má ràn ọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí o, kì í ṣe Itaf aládùúgbò wa ló bá mi kọ ọ́. Olùkọ́ wa ní kíláàsì àwọn àgbà ló ní kí kálukú kọ ọ̀kan kí ọdún àkọ́kọ́ wa tó parí. Mo ti pa ìlà kejì rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá ó tọ́. Bí o bá rí àṣìṣe, má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ilé dára. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì. Igi ólífì bàbá rẹ so lọ́dún yìí débi pé ẹ̀ka ń kan ilẹ̀. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, nítorí ìwé píkọ́ọ̀pù á kú ní ìparí oṣù yìí, wọn ò sì fẹ́ bá mi tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ láìsí píkọ́ọ̀pù, inú àpò ni ólífì máa jẹrà sí kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń fún òróró. Wọ́n ní mo rú òfin.

O rántí ọjọ́ tí a gbé Sabha ọmọ àbúrò mi lọ fún ọkọ rẹ̀ ní Amman, tí wọn ò fún ọ láyè níbi iṣẹ́. Èmi ni mo kẹ́yìn nínú àwọn ọkọ̀ tó ń sin ìyàwó, mo di mátírẹ́ẹ̀sì àti àpótí rẹ̀ sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Ìwọ náà mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí ohunkóhun gé ọ̀wọ́ ọkọ̀ ìyàwó sí méjì, ta ló fẹ́ kí ilé ọmọ rẹ̀ tú? A dé oríta ńlá kan, àwọn tó wà níwájú kọjá, iná bá pupa mọ́ mi lójú. Mo tẹ fèrè, mo tẹ̀lé wọn. Ni nǹkan bá kọ mànà lórí òpó. Inú mi dùn, mo ní ẹbí ọkọ yìí mà lówó o, wọ́n gbé onífọ́tò gun òpó nítorí wa! Àmọ́ ìborí mi ti yọ̀ sẹ́yìn, dàbínù sì wà lẹ́nu mi. Mo yí po níwájú, mo padà wá, mo tún ìborí mi ṣe, mo dúró títí iná fi tún pupa, nítorí mo rí i pé ìgbà yẹn ló ń yà, mo wá rọra kọjá, mo rẹ́rìn-ín sókè sí i. Ó tún kọ mànà. Mo juwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ kẹta, àtẹ̀jíṣẹ́ méjì wọ fóònù mi. Itaf kà á, ó ní wọ́n ní kí n sanwó fún ìkíní, kí n sanwó fún ìkejì. Mo ní kó fèsì pé a dúpẹ́, àmọ́ ẹbí ọkọ ló gba onífọ́tò náà síṣẹ́, kó lọ bá wọn. Kò sẹ́ni tó dáhùn. A pe nọ́ńbà náà, obìnrin kan gbé e, mo kí i, mo bèèrè àwọn ọmọ rẹ̀, kò dá mi lóhùn, ó ṣáà ní kí n tẹ méjì.

Ibi tí mo ti lọ tún ìwé ọkọ̀ ṣe ni wọ́n ti là mí lóye pé ọlọ́pàá ló ni kámẹ́rà náà. Inú bí mi. Ohun tí kò dá mi dúró, tí kò kí mi, tí kò mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́, ló wá ń jẹ́rìí lé mi lórí? Àbúrò bàbá rẹ ní Ìyá Rudayna, sanwó jàre, ta ló ń bá òpó jà? Mo ní èmi ni. Nígbà tí àwọn ọkùnrin ò bá mi lọ, àwa obìnrin mẹ́fà la lọ sí ọ́fíìsì ọlọ́pàá, Àlàájà Watfa ló ṣíwájú wa tòun ti ọ̀pá rẹ̀.

Ọ̀gá ọlọ́pàá kékeré kan tó ń jẹ́ Sufyan ní kí wọ́n gbé kọfí fún wa. Gbogbo wa gbé ife kalẹ̀, a ò fẹnu kàn án, bí àwọn ọkùnrin ti ń ṣe tí wọ́n bá lọ tọrọ ìyàwó, tí wọn kì í mu ún títí bàbá ọmọ á fi gbà. Àlàájà ní a ò ní mu ún àfi bó bá pa orúkọ mi rẹ́. Sufyan ní ẹ jọ̀ọ́ ìyá, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́, ẹ̀rọ ni. Àlàájà ní kó pe ẹ̀rọ náà wá, kó jókòó, kó wò wá lójú, kó búra. Sufyan ní kọfí yín á tutù o. Àlàájà ní kó tutù kó di yìnyín.

Ló bá yí kọ̀ǹpútà sí wa. Fọ́tò kejì ló kọ́kọ́ ṣí. Ó wò ó, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òun ò rí ẹni tó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà yẹn rí. Rudayna, mo rẹwà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí ti àkọ́kọ́. Obìnrin kan wà ní ẹ̀gbẹ́ fọ́tò náà, ó gbé ọmọ lé èjìká, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lójú títì, imú ọkọ̀ mi ò sì ju ìwọ̀n apá méjì sí i. Mi ò rí i lọ́jọ́ náà. Ọlọ́hun ló mọ̀, mi ò rí i rárá. Mo nawọ́, mo gbé kọfí mi, mo mu ún tán. Àlàájà Watfa ní mo ti tà wọ́n. Títí di òní kò tíì kí mi.

Má rò pé wọ́n borí mi o. Màá san ti àkọ́kọ́ nítorí obìnrin yẹn, kì í ṣe nítorí òpó. Ní ti ìkejì, mo sọ fún Sufyan pé màá san án, àmọ́ owó onífọ́tò ni mò ń san, ẹni tó bá sì gbowó fọ́tò gbọ́dọ̀ fúnni ní fọ́tò. Ó ní àwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní òun á tún rí mi lọ́jọ́ Àìkú, kó gbé kọfí kaná, mi ò ní mu ún.

Nítorí náà, bá mi fi owó méjèèjì ránṣẹ́ kí oṣù tó parí, òróró tuntun ni màá fi dá a padà. Fi férémù kan kún un, èyí tó fẹ̀, kí n gbé ara mi kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ lára ògiri, ó ti dá wà níbẹ̀ tipẹ́.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ọ fún mi, kó fún ọ ní ọkọ rere àti ẹsẹ̀ tó yára. Tí o bá fẹ́ sọdá títì, dúró kí iná ní kí o máa lọ, kí o sì tún wo ọ̀tún wo òsì, bóyá ìyá ẹnìkan ló ń bọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò bẹ̀rù òpó.