Bàbá Àgádágodo, Ẹni Tí Ó Rọ Irinṣẹ́ Rẹ̀ Fúnra Rẹ̀

Ní ọdún 1947 ni a bí bàbá wa, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wọn ti ń tún agboòrùn ṣe. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá wọn àgbà, ìyá wọn sì ń rán aṣọ ilé-ìwé. Àwọn àgbà ìdílé máa ń sọ pé irin ni Bàbá kọ́kọ́ fi ṣeré, kí wọ́n tó mọ bọ́ọ̀lù. Bàbá ni àkọ́bí. Àbúrò wọn ọkùnrin, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ló tẹ̀ lé wọn, kí àbúrò wọn obìnrin tó dé.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì jáde ní ọdún 1961. Ìwé kò kọ̀ wọ́n, ẹ̀rọ ló kàn ń wù wọ́n jù, ni wọ́n bá lọ kọ́ iṣẹ́ títún tàípúráítà ṣe. Iṣẹ́ yìí ló gbé wọn dé ọ́fíìsì tí ìyá wa ti ń ṣe akọ̀wé. Màmá ṣì ń sọ ọ́ títí dòní: “Lẹ́tà kan ṣoṣo ló bàjẹ́ lára ẹ̀rọ mi, wọn ò yé wá tún un ṣe. Mo ní, ‘Ọ̀gá, ṣé ẹ̀rọ lẹ ń wò ni, àbí èmi?’ Wọ́n ní, ‘Ẹ̀rọ ti yá, ara mi ni kò tíì yá.’” Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1972.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn ọ́fíìsì ń kó tàípúráítà síta bí ẹni da omi ìṣanwọ́ nù. Bàbá jókòó sílé, wọ́n ń wo ògiri, oúnjẹ a sì tutù níwájú wọn. Ẹ̀rù ba Màmá. Lọ́jọ́ kan, ní ọdún 1996, Màmá ra ògbólógbòó àgádágodo tí kò ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ onírin àlòkù, wọ́n gbé e lé Bàbá lórúnkún.

“Ẹ bá mi ṣí i,” ni Màmá wí. “Ẹ má fi òòlù fọ́ ọ o.”

Bàbá yọ irin pẹlẹbẹ kan lára tàípúráítà tó ti kú, wọ́n yún un, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó ṣẹ́. Wọ́n yún òmíràn. Lọ́jọ́ tí àgádágodo náà dún kẹ́, ariwo tí Bàbá pa, àwọn aládùúgbò rò pé a mú olè ni.

Láti ìgbà náà ni tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ti di tiwọn. Egungun agboòrùn di ohun tí wọ́n fi ń ṣí àgádágodo. Irin wáípà ọkọ̀ náà kò gbẹ́yìn. Bí sípíríǹgì inú àgádágodo bá ti rọ, wọ́n á fi wáyà ká tuntun. Bí àwọn ìṣó wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ bá bàjẹ́, wọ́n á fi idẹ yún òmíràn. Ẹnìkan sọ fún wọn pé irinṣẹ́ wọ̀nyẹn wà lọ́jà. Wọ́n ní, “Ẹni tó rà á ní irinṣẹ́. Ẹni tó rọ ọ́ ló gbọ́ ohun tí irin ń sọ.”

Eré ni wọ́n ń fi í ṣe, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣí ohun tí kì í ṣe tiwọn, àfi bí olóhun bá dúró tì wọ́n. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí kọ́kọ́rọ́ yàrá aṣọ akọrin sọnù, olùṣọ́àgùntàn ni wọ́n kọ́kọ́ pè kó wá dúró.

Òfin yìí ná wọn ní nǹkan. Ní ọdún 2003 tí ìyá wọn kú, àpótí ìyá wà ní títì, a kò rí kọ́kọ́rọ́. Àbúrò wọn obìnrin ṣì wà lọ́nà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣí i,” ni Bàbá Kékeré wí. “Kò lè pẹ́ lọ́wọ́ yín. Kó tó dé.”

“Àwa mẹ́ta la ni í. Bó bá dé, a ó jọ ṣí i.”

“Ẹ wá fẹ́ sọ mí di olè?”

“Mi ò pè ọ́ lólè. Èmi ni mi ò fẹ́ di olè.”

Bàbá Kékeré bínú jáde, kò sì dúró de àbúrò wọn. Nígbà tí ìyẹn dé, tí Bàbá ṣí àpótí, aṣọ ilé-ìwé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìyá wọn lọ̀, tó sì tò síbẹ̀. Bàbá fi ti Bàbá Kékeré ránṣẹ́ sí i. Èsì kò dé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi tẹ ilé wa, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá kò jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa.

Ní ọdún 2016, ọwọ́ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọn kò lè di fáìlì tí wọ́n fi ń yún irin mú mọ́. A fura pé Màmá ló ránṣẹ́ sí Bàbá Kékeré, Màmá ní àwọn kò mọ nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Kékeré wọlé, ó fa àga, ó mú fáìlì.

“Ẹ̀gbọ́n, ibo ni kí n ti yún un?”

“Díẹ̀díẹ̀,” ni Bàbá wí. “O ti máa ń kánjú jù.”

Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dárúkọ àpótí. Ẹnu Bàbá àti ọwọ́ àbúrò wọn ni wọ́n fi ṣe odindi àgádágodo kan, láti ara dé ìṣó, láìra ohunkóhun.

Àgádágodo yìí ni Bàbá Kékeré gbé wá bá wọn nílé ìwòsàn lọ́dún yìí, nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀. Bàbá gbìyànjú títí láti ṣí i láìlo kọ́kọ́rọ́, ọwọ́ kò gbọ́ tiwọn. Wọ́n nà án sí àbúrò wọn: “Ìwọ wò ó.” Bàbá Kékeré, tí kò ṣí irú rẹ̀ rí, fi irin wá inú rẹ̀, Bàbá ń sọ fún un pé kó rọra, kó rọra. Ó dún kẹ́. Ẹ̀rín tí Bàbá rín, nọ́ọ̀sì sáré wọlé. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n sùn tí wọn kò jí mọ́.

Wọ́n fi Màmá wa sílẹ̀ sáyé, àti àwọn àbúrò wọn méjèèjì, àwa ọmọ mẹ́rin, àti ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, tí wọ́n ti ń jà báyìí lórí ta ni yóò jókòó sí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Ẹ ṣeun, Bàbá wa. Kí Olúwa tẹ́ yín sí ibi tó rọ̀. Ẹ sùn re o. Ọwọ́ yín kò gbọ̀n mọ́.