Nọ́ńbà Ọ̀fẹ́ tí Mo Fi Pè Ọ́

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọmọ mi kékeré tó ń fi eyín méjì péré rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ tó máa ń wú bí o bá jókòó pẹ́ níbi iṣẹ́ ti lọ sílẹ̀? Ẹlẹ́dàá rẹ kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ, o ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, ẹkún kò ní mọ ojúlé rẹ láéláé. Àwa náà wà níbí, a ń mí, a ń jẹun, adìyẹ dúdú ti pamọ, àwòdì sì ti gbé nínú wọn, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀ rárá, òun gan-an ló jẹ́ kí n mú bírò.

O lè máa rò ó pé kí ló ṣe màmá mi tí kò pè mí lórí fóònù, tó ń kọ lẹ́tà bí ará àtijọ́. Ọmọ mi, èmi àti fóònù ti parí. Mo ti pa á, mo yọ bátìrì rẹ̀, mo fi aṣọ wé e, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, torí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o sì fara balẹ̀ kà á, má sáré lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí mo ti ń tọrọ owó.

Ṣé o mọ̀ pé bí mo bá pè ọ́ lọ́sàn-án, o kì í gbé e, o ní ẹ máa ń ti fóònù yín mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù níbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé tọ ọ̀gbẹ́ni tó ń bá wa ṣáàjì fóònù ní oríta lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣebí iṣẹ́ fóònù gbígbé gan-an ni ọmọ mi ń ṣe, kí ló dé tí n kò pè é sẹ́nu iṣẹ́, pé nọ́ńbà náà kò ju mẹ́ta lọ, kì í sì í jẹ owó. Mo ní kì í jẹ owó bíi ti báwo? Ó ní ọ̀fẹ́ ni, ìjọba ló san án. Mo dúró ní oríta níbẹ̀, mo ṣàdúrà fún ìjọba, mo gbà pé wọ́n rò ó pé ìyá á fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n wá ya nọ́ńbà sọ́tọ̀ fún un. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo fi ijó díẹ̀ délé.

Fóònù tèmi kò níná, mo bá rọra yọ ti bàbá rẹ lápò níbi tí wọ́n ti ń sùn lórí àga lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn kan kọ́kọ́ ní gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ àwọn ń dá àwọn mìíràn lóhùn, kí n má gbé e sílẹ̀. Mo kí i, kò dáhùn, orin ló gbé sí mi létí. Nígbà tó yá ni ọmọbìnrin kan bọ́ sí i, kì í ṣe ìwọ, àmọ́ ilé tó dáa ló ti jáde, ó kí mi, ó ní kí ló ń ṣe yín, màmá? Áà! Ta ló ń bi mí bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí? Mo lè máa sín títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sẹ́ni tó máa ní pẹ̀lẹ́. Mo bá tú u palẹ̀ fún un, ti orúnkún mi, ti òrùlé tó ń jò, ti adìyẹ tó ń lọ yé sílé aládùúgbò. Ó bi mí níbi tí mo wà, mo júwe ilé fún un dé ẹnu ọ̀nà. Ó wá ní ṣé ẹnì kan wà lọ́dọ̀ mi. Mo ní ọkọ mi wà níbí. Ni ohùn rẹ̀ bá wálẹ̀, ó ní ṣé mò ń bẹ̀rù ọkọ mi, pé bí n kò bá lè sọ̀rọ̀ síta, kí n kàn sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọmọ mi, mo wo bàbá rẹ, mo wo fóònù wọn lọ́wọ́ mi tí iná rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ tán, mo sì rántí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lórí fóònù yẹn bíi pé àwọn ló bí i. Mo fi ohùn kékeré sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ìrànlọ́wọ́ ń bọ̀. Èmi rò pé ìwọ ni ìrànlọ́wọ́, pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lo lọ, wọ́n fẹ́ lọ pè ọ́ wá. Ni iná fóònù bá tán.

Mo ń sá aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ kan ń ké bọ̀ lọ́nà, tí iná pupa ń yí lórí rẹ̀. Iwájú ilé wa ló dúró sí. Nọ́ọ̀sì kan bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àpò, ọkùnrin kan tẹ̀ lé e pẹ̀lú ibùsùn tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn, ọlọ́pàá tẹ̀ lé wọn, wọ́n sáré wọlé. Èmi náà sáré tẹ̀ lé wọn. Mo ń bi wọ́n pé ta ló ń ṣàìsàn, wọ́n ń bi mí pé ibo ló wà, gbogbo wa jọ ń wá a kiri yàrá.

Ọlọ́pàá fa bàbá rẹ lọ sẹ́yìn ilé, ó ní kí wọ́n sọ òótọ́, ọwọ́ wo ni wọ́n fi ń lù mí. Bàbá rẹ tí kò lè bá mi jiyàn lórí iyọ̀! Láti ọjọ́ náà, ìta gbangba ni wọ́n ti ń fọ abọ́, kí àwọn tó ń kọjá lè rí wọn. Wọ́n ní kí o bá àwọn gba ìwé pélébé kan níbi iṣẹ́ rẹ, tó ní òǹtẹ̀, pé àwọn kì í lu ìyàwó. Wọ́n ní kí òǹtẹ̀ náà pupa, àwọn fẹ́ kàn án mọ́lẹ̀kùn.

Nọ́ọ̀sì so nǹkan mọ́ mi lápá, ó ń fún un bí ẹni ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà kẹ̀kẹ́, ó ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ga. Mo ní kó má ga kẹ̀, ta ni ọlọ́pàá máa sáré wọ yàrá rẹ̀ tí tiẹ̀ kò ní ga? Ìgbà tí mo wá ṣàlàyé pé mo kàn fẹ́ kí ọmọ mi ni, kò bú mi. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín náà ló ń rín lọ́wọ́ tí rédíò inú ọkọ̀ fi sọ̀rọ̀.

Dírẹ́bà ló wá sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ọkùnrin kan tó ń tún òrùlé ilé rẹ̀ ṣe ní òdìkejì odò ti já bọ́, ó ń mí, àmọ́ kò sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń pè láti àárọ̀. Mo ní ṣé ọkọ̀ mìíràn kò sí? Ó ní èkejì ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti ìgbà òjò, nǹkan kékeré kan ló ń dúró dè. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ kan ṣoṣo tó wà fún gbogbo àgbègbè yìí, iwájú ilé mi ló wà, lọ́dọ̀ èmi tí orúnkún ń dùn.

Wọ́n sáré jáde, ọkọ̀ kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Àwọn ọkùnrin àdúgbò rọ́ wá, a ń tì í, èmi náà ń tì í pẹ̀lú orúnkún mi. Ibi tí mo gbé ọwọ́ lé gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé Ẹ̀mí Kọ̀ọ̀kan Ló Ṣe Iyebíye. Mo ń kà á, mo ń tì í. Mo ní ẹni tó kọ èyí, ṣé ó ti bá wọn ti ọkọ̀ yìí rí? Ó ṣiṣẹ́ nígbà tó yá, ó ké lọ, eruku bò wá.

Láti ìgbà náà, ọmọ mi, àyà mi kò yé já. Bí mo bá gbé oúnjẹ sẹ́nu, ọkùnrin yẹn ni mò ń rí. Ó gun òrùlé nítorí kí òjò má pa àwọn ọmọ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń wo ọ̀nà, èmi sì ń ro ẹjọ́ adìyẹ fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Mo ti bi gbogbo ẹni tó ti òdìkejì odò wá, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ ní èmi kọ́ ni mo ní kó gun òrùlé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, máa fi sùúrù gbọ́ tèmi.

Mo lọ bá oníṣáàjì yẹn jà. Ó jẹ́ kí n jà tán, ó wá nawọ́ sí òpó fóònù gíga tó wà lẹ́yìn ilé ìwé. Ṣé o rántí rẹ̀? Wọ́n mọ ògiri yí i ká, gáàdì ń ṣọ́ ọ, ó ní jẹnẹrétọ̀ kan, ó tún ní òmíràn tó ń sinmi kó lè rọ́pò ti àkọ́kọ́ bó bá rẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tó kú, n kò tíì gbé ìkòkò kalẹ̀ tí àwọn ọkùnrin fi dé pẹ̀lú ọkọ̀ méjì, wọ́n so okùn mọ́dìí, wọ́n ń gùn ún. Mo bi í pé kí ni irin yẹn ṣe fún wọn? Ó ní bí òpó bá sùn, owó dúró. Mo ní bí ọkùnrin bá já láti orí òrùlé ńkọ́, kí ló ń dúró? Ó ní ilé tiẹ̀ nìkan ni. N kò tíì lè kí i dáadáa láti ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ló sọ.

Mo wá gbé fọ́tò ibi iṣẹ́ rẹ jáde, èyí tí o ti dé nǹkan mọ́ etí. Tẹ́lẹ̀ mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé orin lo ń gbọ́, pé iṣẹ́ ọmọ mi rọrùn. Dárí jì mí. Mo fi gíláàsì bàbá rẹ wò ó, mo rí àga tó pọ̀ lẹ́yìn rẹ, èèyàn mẹ́ta péré ló sì jókòó. Mo ní bóyá àwọn yòókù lọ jẹun ni. Àmọ́ mo tún wò ó, ọ̀rá tí wọ́n fi wé àwọn àga náà láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára wọn. Ta ló ń ra àga tí kì í wá ẹni tó máa jókòó sí i? Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ìyá arúgbó tí kì í rí oorun sùn pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ kó wa wá. A ò mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n a mọ bí a ṣe ń sọ fún èèyàn pé má kú o, mo wà níbí, wọ́n ń bọ̀.

Kó sì bá mi bi àwọn tó ga jù ú lọ, ṣé ẹ̀mí tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ yẹn, wọ́n rò ó dénú? Bó bá dénú, kí wọ́n ra ọkọ̀ míì kó wà níbẹ̀ lásán, kí epo kún inú rẹ̀, kí dírẹ́bà rẹ̀ máa yán, kí àwọn èèyàn máa ní ìnákúnàá ni. Ṣebí jẹnẹrétọ̀ kejì ń sinmi, ẹnikẹ́ni ò pè é ní ìnákúnàá. Mo mọ̀ pé mo ṣe àṣìṣe, mo sì ń tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ìlú tó bá fẹ́ràn ẹ̀mí èèyàn, kò yẹ kí àìmọ̀ ìyá arúgbó kan ṣoṣo tó láti pa ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ó yá, ohun tí mo fẹ́ rèé. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún mi, mo fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí òdìkejì odò, kí n máa wá ilé tí wọn kò tíì tún òrùlé rẹ̀ ṣe tán. Fi ti ọṣẹ bàbá rẹ kún un, abọ́ fífọ̀ yìí ti ń pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kí owó tó dé, bá mi bi àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ bí ọkùnrin náà ṣe ṣe. Bó bá yè, màá kí ìyàwó rẹ̀ kú oríire. Bí kò bá yè, sọ fún mi, má torí pé mo ti dàgbà fi pamọ́ fún mi, ẹnu rẹ ni kí n ti gbọ́ ọ.

Ọlọ́run yóò fi etí rẹ ṣe etí ìgbàlà. Ẹni tó bá ń pè ọ́ kò ní dákẹ́ kí o tó gbé e. Bí ìwọ náà bá pè, wọn kò ní dá ọ dúró, ọmọ rẹ yóò gbọ́ ohùn rẹ nílé lálaalẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Bó bá di ọjọ́ kan tó jẹ́ pé ó ń ṣe mí lóòótọ́, tí mo pe nọ́ńbà yẹn, tó sì bọ́ sí ìwọ gan-an lọ́wọ́, tí o ṣì ń dá ẹlòmíràn lóhùn, má tìtorí pé o mọ ohùn mi kí o já a sílẹ̀. Ìyá ẹnì kan lòun náà. Mo ti sọ fún bàbá rẹ kí wọ́n má bínú sí ọ bó bá rí bẹ́ẹ̀. Màá dúró. Ṣùgbọ́n bá àwọn ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀ báyìí tí ara mi ṣì le, ọmọ mi, torí n kò mọ bí màá ṣe lè dúró pẹ́ tó.

Èmi ni,
ìyá rẹ tó bí ọ.