Orí Tó Gbẹ̀yìn Tí Màmá Kò Jẹ́ Kí A Kà

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bọ̀dá Dúródọlá,

Èmi Mofolúwakẹ́, àbúrò yín, ni mo fọwọ́ sí lẹ́tà yìí lórúkọ àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ìwé kíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Inísà. A kí yín, a kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Orúnkún Màmá ti ń sàn.

Ìwé ìtàn àwọn ọdẹ àbùùbùtán, ẹja ńlá inú òkun, tí ẹ fi sílẹ̀ nílé ni à ń kà. Màmá máa ń jókòó tì wá, wọ́n sì ń gbàdúrà fún ọmọdékùnrin inú rẹ̀ tó bá àwọn ọdẹ náà lọ sójú òkun. Nígbà tó ku orí kan, wọ́n gba ìwé náà.

"Ẹ ò ní kà á tán. Tí ọmọ yẹn ò bá ti òkun dé ńkọ́?"

Àrínọlá kékeré, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, rẹ́rìn-ín: "Màmá, ìtàn lásán ni o!"

Màmá ní, "Ṣé ìtàn lásán ni Dúródọlá tó wà lójú òkun náà?"

Wọ́n bá gbé ìwé náà wọ yàrá lọ.

Kí Olúwa mú ọkọ̀ yín gúnlẹ̀ láyọ̀. Abẹ́ ìrọ̀rí Màmá ni ìwé náà wà. A bẹ̀ yín, ẹ pè wọ́n, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ wálé fún wọn, kí ọjọ́ Àìkú ìkórè tó dé.