Obì Tí Mo Ń Gbé Wá Fún Ìyá

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Ọ̀nà Ọba-Ilé,
Àkúrẹ́.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Wúrà, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Oǹdó ńkọ́? Ṣé ara yín le? Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti jẹ́ kí ohùn rẹ sinmi? Akínsànyà ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó fi gbá bọ́ọ̀lù àwọn àgbà ìjọ ti san? Ìyá, ìyá tó bí ọ, ni mo fẹ́ béèrè jù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn gan-an ni mo fi ń kọ̀wé. Ǹ bá pè ọ́ lórí fóònù, àmọ́ o máa já lu ọ̀rọ̀ mi, mo mọ̀ ọ́.

Láti ìgbà tí dókítà ti sọ pé àyà Ìyá ń sáré jù, pé kí wọ́n má fẹnu kan kọfí rárá, lo ti di ọlọ́pàá inú ilé. O tú àpótí, o gbé ìrọ̀rí, o ní obì mi nìkan lo bá níbẹ̀. Síbẹ̀ àyà wọn ṣì ń lù kìkì, oorun ò kùn wọ́n, o wá ní wọ́n ń fi kọfí pamọ́. Ìyá gbé Bíbélì, wọ́n ní àwọn ò mu kọfí rí láyé. O ò gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí wọ́n ti ń dá jẹun ní yàrá wọn. Èmi náà dá sí i, mo ní àgbà a máa ṣe bí ọmọdé nígbà mìíràn. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Dókítà Adébùsóyè, olùkọ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí, fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń yọ oògùn lára igi àti ewé han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n sọ fún wọn pé èèpo igi ni wọ́n ti rí kuiníìnì tí wọ́n fi ń wo ibà. Wọ́n ní kí n gún nǹkan mẹ́ta: kọfí, ewé tíì àti obì gbàǹja. A sè é, a sẹ́ ẹ, a fi kẹ́míkà fà á jáde, a jẹ́ kó gbẹ. Ohun funfun wínníwínní bí abẹ́rẹ́ ló kù nínú àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo béèrè èwo ni ti obì. Dókítà Adébùsóyè rẹ́rìn-ín.

“Màdáàmù Fúnkẹ́, ohun kan náà ni gbogbo ẹ̀. Òun ló ń lé oorun, òun náà ló ń mú àyà sáré.”

Wúrà, mo bi ara mi léèrè: Ta ló ń gbé obì wá fún Ìyá ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan láti oko bàbá ọkọ mi ní Ìjàrẹ, tó ń fi ewé gbòdògì wé e kó má baà gbẹ? Èmi ni. Wọ́n á gbà á, wọ́n á ṣàdúrà pé obì á bi ikú dànù, á bi àrùn dànù lọ́nà mi. Wọ́n ti sọ fún mi rí pé ẹyọ kan lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni kì í jẹ́ kí oorun gbé àwọn lọ nídìí Bíbélì. Ta ni yóò ka obì mọ́ oúnjẹ tàbí oògùn? Ohun tí wọ́n ń mu la bi wọ́n. Ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń rún lẹ́nu.

Mi ò ní kí o da oògùn dókítà nù o. Ẹ padà lọ, ẹ sọ ọ̀rọ̀ obì fún un. Mo fi koríko ọba ránṣẹ́, kí Ìyá máa mu ún bíi tíì dípò obì. Kìtán, ọmọ àbúrò ọkọ mi, ló gbé e dání. Ó ń ta sánsán nínú omi gbígbóná, kò sì ní ohun tó ń lé oorun nínú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi Dókítà Adébùsóyè.

Kí Akínsànyà àti àwọn ará ilé fún mi. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni tiwa, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ́ lójú ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Nígbà tí ìyá mi kú, inú àwo kan ni Ìyá ti ń fún èmi àti ìwọ lóúnjẹ. Bí o bá ka lẹ́tà yìí tán, gbé oúnjẹ rẹ wọ yàrá wọn. Kúnlẹ̀. Sọ fún wọn pé wọn ò purọ́. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, èmi náà ń bọ̀ wá kúnlẹ̀, ọwọ́ lásán ni n ó sì gbé wá lọ́tẹ̀ yìí.

Èmi tí a jọ jẹun nínú àwo kan,
Olúfúnkẹ́.