Etí Tí Mo Ṣe fún Màámi

Ọjọ́ Ajé, 3 Ẹrẹ́nà 2025
Ẹ̀rọ etí tí Màámi fi ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀ bọ́ sọ́sà lánàá, níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ ojú omi. Ó tán! Wọ́n ní àwọn ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, kí làwọn fẹ́ lọ máa wò lẹ́nu àlùfáà? Ó dùn mí wọra. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń tún rédíò ṣe ní Mowo. Ṣé etí kan ṣoṣo ni n ò ní lè ṣe?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Aláǹtakùn — bí mo ṣe ń pe ṣíìpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ̀yà rédíò kékeré tó ń sọ ohùn di ńlá, nìyẹn. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀ nínú rédíò àìmọye ìgbà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an ńkọ́? N ò mọ̀! Mo pe Ọ̀gá Múrítàlá tó kọ́ mi níṣẹ́. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín tẹ́rùn kí wọ́n tó dáhùn: ẹsẹ̀ méjì ló fi ń gbọ́ràn, ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín méjèèjì ló ń sọ di ńlá. Tí méjèèjì bá dọ́gba, kò kàn án.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo so Aláǹtakùn mọ́ bátìrì méjì àti máìkì kékeré. Mo fọwọ́ kan máìkì fẹ́ẹ́rẹ́ — yéè, ariwo! Mo fi mítà wo ẹnu Aláǹtakùn: ó ti gun agbára bátìrì dé òkè pátápátá, ó jókòó síbẹ̀. Kò lè kọjá ibẹ̀, kò sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Olóríkunkun! Ọ̀gá ní kí n dá díẹ̀ padà láti ẹnu rẹ̀, níbi tí ohùn ti ń jáde, sí ẹsẹ̀ àyọkúrò, ìyẹn ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ méjì tó fi ń gbọ́ràn, kó lè máa gbọ́ ara ẹ̀. Rẹ̀sítọ̀ méjì péré tó ń dín iná kù, ó rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ń sọ ohùn di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún géérégé, bí mo ṣe ṣírò ó. Ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ ronú kan irú èyí?

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Aláǹtakùn kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ máìkì, àfi bíńtín. Ó kàn ń tẹ́tí ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Mo kó gbogbo ẹ̀ sínú ike ọṣẹ, mo fi okùn tí wọ́n ń kì bọ etí sí i. Sewanu tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kejì fi sétí, ló bá fò sókè: ó ń gbọ́ bí òwú ṣe ń já! Ṣùgbọ́n etí Sewanu kọ́ ni etí Màámi.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Màámi fi sétí láàárọ̀. Wọ́n kàn kọjú sí fèrèsé, bí ẹni pé wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ọkàn mi bàjẹ́, mo wọ kíṣìnì lọ. Nígbà tí oúnjẹ jinná mo lọgun: "Màámi! Ẹ wá jẹun! Àbí ẹ fẹ́ kó tutù ni? Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n pè yín!"
Wọ́n yọ sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ láyà, wọ́n ń wo ẹ̀yìn mi.
"Fèyí, ta lo ń bá jà?"
Mo ní: "Ẹ̀yin ni mò ń pè."
Wọ́n wá ní, ṣé bí mo ṣe ń bá àwọn sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn wá nìyí?
Ó ṣiṣẹ́. Mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n gbọ́ràn, n ò rò ó pé èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbọ́. Ojú ṣì ń tì mí.