Àga Bàbá Wa

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti ń san.

Ayálégbé tẹ́ ẹ fún nílé tàga tibẹ́ẹ̀dì, mo bá a lánàá tó ń fi àáké la àga Bàbá wa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n yín ló sọ pé ilé mi náà ni. Àga yìí ti gbó jù." Inú bí mi dé góńgó. Mo gbé ẹsẹ̀ àga tó ti já, mo là á mọ́ ọn lórí. Ojú abẹ́rẹ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi rán an.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín o. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má pe ọlọ́pàá. Tó bá kọ̀, ẹ sọ fún un pé ẹsẹ̀ mẹ́ta ṣì kù lọ́wọ́ mi.